Bí Ẹni Tí Kò Kan Ọkọ̀ Rí Ṣe Lè Kan Káyáàkì Aláṣọ ní Èkó

Káyáàkì aláṣọ ni ọkọ̀ ojú omi kékeré, fún ẹnì kan ṣoṣo, tí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe egungun rẹ̀, tí a na aṣọ bò, tí a sì fi ọ̀dà dí ojú aṣọ náà kí omi má baà wọlé. Àwọn Inuit ti ilẹ̀ Gírínláǹdì àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ní ìhà òtútù àríwá ayé ni wọ́n ti ń kan irú ọkọ̀ yìí láti ayébáyé. Igi ńlá kì í hù lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà igi tí òkun bá gbé gúnlẹ̀ ni wọ́n ń ṣà jọ. Wọn a fi iṣan ẹran dè é pọ̀, wọn a sì rán awọ séálì, ẹranko inú òkun, bò ó kí wọ́n tó gbé e lọ ṣọdẹ lójú omi. Ẹni tí ó wà ní Èkó lónìí kò nílò awọ ẹran kankan. Pákó wà ní sọ́míìlì, aṣọ wà ní Bálógun, okùn sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta èlò ìpẹja. Ẹni tí ó bá lè di ayùn mú dáadáa, tí ó sì lè ka téèpù, kò ní ìdí láti bẹ̀rù iṣẹ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ayùn ni pé okùn ni ó ń gbé ọkọ̀ yìí ró, kì í ṣe ìṣó. Káfíńtà tí ẹ bá fi àwòrán rẹ̀ hàn yóò kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìṣó yóò wọlé sí. Ẹ dá a lóhùn pé kò sí. Nígbà tí ìgbì bá gbé iwájú ọkọ̀ sókè tí ìdí rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, gbogbo igi inú rẹ̀ ni yóò tẹ̀ díẹ̀. Ibi tí a fi okùn dè yóò yí díẹ̀, yóò sì padà sí ipò rẹ̀. Ibi tí a kàn ní ìṣó kò lè yí, nítorí náà ihò ìṣó ni yóò máa fẹ̀ sí i títí igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà yóò fi là. Yàtọ̀ sí ìyẹn, omi ọ̀sà wa a máa níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi òjò bá ti dínkù tí omi òkun sì ń gba ẹnu ọ̀sà wọlé. Ìṣó lásán a dípẹtà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, igi tí ó yí i ká a sì jẹrà.

Ìwọ̀n

Ara ẹni tí yóò jókòó sínú ọkọ̀ ni àwọn Inuit fi ń wọn káyáàkì. Gígùn rẹ̀ a tó ìlọ́po mẹ́ta ìnà apá ẹni náà méjèèjì. Ìbú rẹ̀ a jẹ́ ìbú ìbàdí rẹ̀ pẹ̀lú ìkúùkù méjì. Gíga rẹ̀ a sì jẹ́ ìkúùkù kan pẹ̀lú àtàǹpàkò tí a nà sókè. Ọkọ̀ tí a bá wọn báyìí a máa sáré lójú omi, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún ẹni tí ń kọ́ bí a ṣe ń tukọ̀. Fún ọkọ̀ àkọ́kọ́, mo gbà yín níyànjú pé kí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4.5, kí ìbú rẹ̀ níbi tí ó ti fẹ̀ jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, kí ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 níwájú ìjókòó. Ọkọ̀ tí ó bá tó báyìí yóò gbé ẹni tí kò wúwo ju kílò 90 lọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ju kílò 15 sí 18 lọ bí igi rẹ̀ bá gbẹ dáadáa.

Bí ẹ bá ń gbé ilé fésì-mí-n-fésì-ẹ tàbí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ kọ́kọ́ wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn. Ohun tí ó gùn tó mítà 4.5 kò lè ṣẹ́ kọ́nà lórí ọ̀pọ̀ àtẹ̀gùn Èkó, ó sì sàn kí ẹ mọ èyí nígbà tí ó ṣì jẹ́ pákó.

Igi àti pákó

Ní Òkóbàbá, ní Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́tta, etí ọ̀sà gan-an ni a ti la igi fún ọjọ́ pípẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti ń kó àwọn oníṣẹ́ igi lọ sí ìhà Àgbọ̀wà. Sọ́míìlì yòówù kí ẹ lọ, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ igi. Ẹ kọ́kọ́ wo iṣan rẹ̀. Pákó tí ẹ ń wá ni èyí tí iṣan rẹ̀ lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí kò ní kókó. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n kòkòrò àti ìjẹrà fẹ́ràn rẹ̀. Ìrókò kì í tètè jẹrà, ṣùgbọ́n ó wúwo jù fún iṣẹ́ yìí. Afárá wà láàárín: ó lágbára ju arère lọ, ó sì ń tẹ̀ dáadáa, bí ẹ kò bá ti jẹ́ kí ó máa wà nínú ọ̀rinrin. Bí ẹ bá rí igi ọmọ̀, èyí tí a fi ń gbẹ́ ìlù àti ọkọ̀, ẹ rà á láìjanpata, nítorí ó fúyẹ́, kì í sì í tètè bàjẹ́ bí arère.

Pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lára gẹdú tí ó ti ń léfòó nínú ọ̀sà yóò kún fún omi. Ẹ tò ó sí abẹ́ òrùlé, kí ẹ fi igi tín-ínrín ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn, kí ẹ sì máa wọn ìwúwo ẹyọ kan láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ìwúwo rẹ̀ kò bá dínkù mọ́ ni ẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n la igi náà sí mìlímítà 20 ní ìnípọn àti 30 ní ìbú. Ọ̀kan ni igi ìsàlẹ̀ tí yóò gba àárín abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Méjì ni igi ẹ̀gbẹ́. Méjì ni igi etí ọkọ̀. Méjì tí ó kúrú sì ni igi òkè, ọ̀kan níwájú ìjókòó, èkejì lẹ́yìn rẹ̀. Pákó tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í sábà gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ, èyí tí kò pé mítà 3.7, nítorí náà ẹ ní láti so igi méjì pọ̀. Ẹ fá ẹnu igi méjèèjì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí gígùn ibi tí ẹ fá jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ ìnípọn igi, ìyẹn mìlímítà 160, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù ẹpọ́kísì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà fi ń ṣe àga kò wúlò níhìn-ín, nítorí omi a máa yọ́ ọ. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ igi méjì dojú kọ ara wọn, tàbí kí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń tẹ̀ jù.

Fún àwọn pátákó ìdábùú, tí yóò fún ọkọ̀ ní ìrísí, ẹ ra pílááwúdù tí ó nípọn tó mìlímítà 12. Ẹ ṣọ́ra o: ohun tí àwọn oníṣòwò Èkó ń pè ní «marine board», tí ojú rẹ̀ dúdú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú tí ó sì ń dán, pákó tí a fi ń da kọnkéré ni; orúkọ rẹ̀ kò sọ ọ́ di pákó ọkọ̀ ojú omi. Ojúlówó pílááwúdù ọkọ̀ ni èyí tí a ṣe ní ìbámu pẹ̀lú BS 1088, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún pílááwúdù ọkọ̀, ó sì wọ́n. Bí owó kò bá ká a, ẹ tọrọ àjákù lọ́dọ̀ ẹni tí ń tà á, ẹ sè é nínú omi híhó fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ sì wò ó bóyá ìpele rẹ̀ yóò ṣí. Èyí tí kò bá ṣí ni kí ẹ rà.

Bí egungun ọkọ̀ ṣe ń dìde

Pátákó ìdábùú méje ni ọkọ̀ yìí gbà, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ni kí ẹ kọ́kọ́ gé: méjì tí yóò wà níwájú àti lẹ́yìn ìjókòó, tí àyè àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 85, ọ̀kan nítòsí iwájú ọkọ̀ àti ọ̀kan nítòsí ìdí rẹ̀. Ẹ ya ìdajì pátákó kọ̀ọ̀kan sórí bébà, kí ẹ ṣẹ́ bébà náà po, kí ẹ sì gé e, kí ọ̀tún àti òsì má baà yàtọ̀. Fún èyí tí ó wà níwájú ìjókòó, ẹ fi ibi igi ìsàlẹ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n: igi ẹ̀gbẹ́ wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sókè àti 21 sí ẹ̀gbẹ́, igi etí wà ní 22 sókè àti 29 sí ẹ̀gbẹ́, igi òkè sì wà ní 30 sókè. Èyí tí ó wà lẹ́yìn ìjókòó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ lè fẹ̀yìn tì. Àwọn méjì tó kù, tí ẹ óò fi sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 55 sí òpin ọkọ̀, kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 24 lọ ní etí, etí wọn sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5 ju ti àárín lọ.

Ẹ gbẹ́ inú pátákó kọ̀ọ̀kan kúrò kí ó ku sẹ̀ǹtímítà 6 yíká, ẹ gé ẹnu fún igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbẹ́ etí pátákó náà wọnú díẹ̀ láàárín ẹnu kan sí èkejì. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, pátákó yóò máa ti aṣọ láti inú, abẹ́ ọkọ̀ yóò ní wúrukù, ibẹ̀ sì ni aṣọ yóò ti kọ́kọ́ ya.

Ẹ gbé igi 2x4 tí ó gún régé sórí àga méjì, ẹ ta okùn tín-ínrín láti òpin kan dé èkejì, kí ẹ sì to àwọn pátákó mẹ́rin náà sórí rẹ̀ kí àmì àárín wọn wà lábẹ́ okùn náà. Ẹ wá tẹ àwọn igi gígùn mọ́ wọn. Ẹ kò ní láti ra irin ìfúnpọ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, ẹ tọrọ túùbù tí ó ti bàjẹ́, kí ẹ sì gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Rọ́bà túùbù a máa di igi mú pinpin, kì í sì í dá àpá sí i lára. Nígbà tí gbogbo igi bá ti wà ní ìdúró, ẹ lọ sí òpin ọkọ̀, ẹ tẹ̀ ba, ẹ dijú kan, kí ẹ sì wo igi kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí. Igi tí kò ní ìṣòro a máa tẹ̀ ní gbọọrọ láìsí ibi tí ó ti ṣẹ́ ojú. Ìgbà tí ẹ̀rí yìí bá dá yín lójú ni ẹ óò tó gé pátákó mẹ́ta tó kù, kí ẹ sì wọn wọ́n láti ara igi tí ó ti tẹ̀, kì í ṣe láti ara bébà. Igi fúnra rẹ̀ mọ ibi tí ó fẹ́ gbà ju olùyàwòrán lọ.

Dídè

Okùn tí àwọn apẹja fi ń tún àwọ̀n ṣe ni ó dára jù, èyí tí ó nípọn tó mìlímítà 1 sí 1.5. Ẹ fi àbẹ́là ra á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí okùn ọ̀rá tí kò ní ìda a máa yọ̀, kókó rẹ̀ a sì tú fúnra rẹ̀. Ẹ lu ihò mìlímítà 3 sára pátákó, ní sẹ̀ǹtímítà 1.5 sí ẹnu tí igi jókòó sí. Ẹ ki okùn bọ inú ihò náà, ẹ gbé e kọjá lórí igi, kí ẹ tún kì í bọ ihò, títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ wé okùn mọ́ igi kúkúrú kan kí ẹ tó fà á. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ lásán ṣe é, okùn yóò ti ya á lọ́wọ́ kí ó tó dé pátákó kejì. Lẹ́yìn ìyí kẹrin, ẹ má tíì so ó. Ẹ gbé okùn gba àárín igi àti pátákó, kí ó yí àwọn ìyí àkọ́kọ́ ká ní ìdábùú lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fà á gan-an. Ìdì ìdábùú yìí ni ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ń fún àwọn ìyí yòókù pọ̀ tí igi kò fi ní mì mọ́. Bí ẹ bá fi èékánná ta okùn náà, ó yẹ kí ó dún. Bí ó bá dákẹ́, ẹ tú u kí ẹ tún un dè.

Ẹ má ṣe de apá kan tán kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Àárín ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀kan, títí a ó fi dé òpin méjèèjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, egungun yóò lọ́, ọkọ̀ yóò sì máa yà sí ẹ̀gbẹ́ kan lójú omi títí ayé rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ó ti ń lọ́, ẹ fi ọ̀pá gígùn méjì dábùú ọkọ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ẹ sì wò wọ́n láti òpin: bí ọ̀pá kan kò bá bá èkejì dọ́gba, ẹ dẹ okùn ibẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Iṣẹ́ yìí gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrọ̀lẹ́. Èmi kò rí ọ̀nà àbùjá kankan tí ó tọ́ láti fi yá a.

Nígbà tí ẹ bá dè é tán, ẹ fi òróró línísíìdì pa gbogbo igi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ká àkísà tí ẹ fi pa á jọ sí kọ̀rọ̀ kan, nítorí òróró yìí a máa gbóná fúnra rẹ̀ bí ó ti ń gbẹ, àkísà tí a ká jọ sì lè gbiná láìsí ìṣáná. Ẹ tẹ́ ẹ síta, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Aṣọ àti ọ̀dà

Kánfáàsì òwú rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin Èkó a máa jẹ ẹ́. Pọlíẹ́sítà tí a hun pọ̀ gírígírí ni mo fara mọ́, èyí tí mítà kan ní ìbú àti gígùn rẹ̀ wọn gíráàmù 270 sí 340. Bí olùtajà ní Bálógun bá búra pé pọlíẹ́sítà ni, ẹ tọrọ fọ́nrán kan kí ẹ sì fi iná sí i: òwú a jó di eérú, pọlíẹ́sítà a yọ́, a sì di kókó líle. Yáàdì márùn-ún ààbọ̀ tó fún gígùn. Fún ìbú, ẹ fi okùn yí egungun ká níwájú ìjókòó kí ẹ tó jáde nílé. Ínṣì 60 sábà máa ń tó, nítorí ibi tí ọkọ̀ ti fẹ̀ jù ni ihò ìjókòó wà, aṣọ kò sì ní bo ibẹ̀ tán.

Ẹ dojú egungun bolẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ lé e, kí ẹ rán òpin méjèèjì mọ́ orí àti ìdí ọkọ̀, kí ẹ sì fà á ní gígùn kí ó le. Ẹ wá yí ọkọ̀ padà kí ojú rẹ̀ wà lókè, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ wíwọ́ tí àwọn tí ń rán àga fi ń ṣiṣẹ́ rán etí aṣọ méjèèjì pọ̀ ní àárín òkè. Kì í ṣe dandan kí ó le bí awọ ìlù ní àkókò yìí. Lẹ́yìn ìránṣọ, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù oníná, tí kò gbóná jù, kọjá lórí aṣọ ní díẹ̀díẹ̀; pọlíẹ́sítà yóò súnkì, gbogbo ìhunjọ yóò sì lọ. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù. Áyọ́ọ̀nù eléèédú kò dára, nítorí kò sí ẹni tí ó lè díwọ̀n ooru rẹ̀.

Ọ̀dà olóròóró ni kí ẹ fi kùn ún, ìpele mẹ́rin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí àkọ́kọ́ ní tàpẹ́ńtáìnì díẹ̀ kí ó lè wọnú aṣọ. Nígbà òjò, ìpele kan lè má gbẹ fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà ọyẹ́ ó ń tètè gbẹ, ṣùgbọ́n eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà òwúrọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó dìde ni kí ẹ kùn ún. Lẹ́yìn ìpele kẹta, ẹ gbé ọkọ̀ sí oòrùn kí ẹ sì ki orí bọ inú rẹ̀: ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ bí ojú abẹ́rẹ́ ni omi yóò gbà wọlé.

Òrùka ihò ìjókòó ni kí ẹ fi pankẹ́rẹ́ ṣe. Àwọn tí ń fi pankẹ́rẹ́ ṣe àga ní ìhà Máríláǹdì mọ bí a ti ń fi iná tẹ̀ ẹ́, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ fún yín bí ẹ bá mú ìwọ̀n dání: sẹ̀ǹtímítà 78 ní gígùn, 44 ní ìbú. Kí ẹ tó kun ọ̀dà ni ẹ óò rán an mọ́ aṣọ. Ẹ má fi fóòmù ibùsùn ṣe ìjókòó, nítorí ó ń fa omi; fóòmù tí àwọn ṣúméèkà fi ń ṣe sílípáàsì ni kí ẹ lò.

Ọkọ̀ yìí kò ní yàrá tí omi kò lè wọ̀, nítorí náà bí ó bá yí dànù láìsí ohun tí yóò mú un léfòó, yóò kún dé ọrùn. Ẹ kó ike omi òfìfo tí a dé ní ìdérí gírígírí sínú àpò àwọ̀n alùbọ́sà, kí ẹ sì so ó mọ́ egungun, bíi lítà 40 níwájú àti 40 lẹ́yìn. Lítà afẹ́fẹ́ kan ń gbé nǹkan bíi kílò kan.

Àjẹ̀ rẹ̀ ni èyí tí ó ní abẹ́ méjì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ìnà apá yín méjèèjì pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ kan, ìbú abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là lè há mọ́ra.

Ojú omi

Ibi tí omi kò kọjá ìbàdí ni kí ẹ ti kọ́kọ́ gbé e wọlé, pẹ̀lú láìfù jákẹ́ẹ̀tì lára yín àti ẹnì kan tí ó mọ omi wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yí i dànù, kí ẹ kọ́ bí a ti ń jáde nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ́ bí a ti ń gbọ́n omi rẹ̀. Àjọ LASWA ti ìpínlẹ̀ Èkó àti NIWA ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ń mójú tó ojú omi wa. Ẹ lọ béèrè ìlànà lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó jìnnà sí etídò. Ẹ yẹra fún ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá láàárín Marina àti Àpápá, àti fún Five Cowrie Creek níbi tí àwọn ọkọ̀ èrò ti ń sáré. Òwúrọ̀ ni omi ń dákẹ́. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, afẹ́fẹ́ òkun a bẹ̀rẹ̀ sí í ru ọ̀sà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àsìkò òjò, ìjì lè ti ìlà-oòrùn dé lójijì, nítorí náà bí ojú ọ̀run ibẹ̀ bá ti ṣú, ẹ má ṣe jáde. Ewéko lílefòó tí ó gba ojú omi wa láti nǹkan bí 1984 náà a máa dí ọ̀nà lẹ́yìn òjò. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti la àárín rẹ̀ kọjá, nítorí gẹdú lè wà lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ fi omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ ṣan iyọ̀ kúrò ní inú àti òde, kí ẹ gbé ọkọ̀ kọ́ síbi tí oòrùn kò pa tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, kí ihò ìjókòó rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí ẹ sì ta okùn tí ó wà nítòsí ìjókòó ní èékánná. Èyí tí kò bá dún mọ́, ẹ tún un dè kí ọkọ̀ tó padà sójú omi.